Kíndìnrín Tí Yóò Túúbá

Ẹja ni èmi àti àwọn ọmọ mi méjèèjì ń ṣà ní Èbúté Ìkòròdú nígbà tí mo gbọ́ ohùn obìnrin kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ ojú omi lẹ́yìn mi.

"Kíndìnrín mi ti bàjẹ́, mo mọ̀. Àmọ́ pẹ̀lú kòkòrò HIV tó wà lára mi yìí, ṣé tìẹ tí o fẹ́ fún mi ò ní ṣòfò?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, dókítà ṣáà sọ ọ́ lójú wa. Oògùn yín ti tẹ kòkòrò náà mọ́lẹ̀. Tí ẹ ò bá ti pa oògùn jẹ, kíndìnrín mi lè ṣiṣẹ́ lára yín bíi ti ẹlòmíràn."

"Ẹmu tí ò ń mu ńkọ́? Èmi Àlàájà, kí n wá máa gbé kíndìnrín ọ̀mùtí kiri?"

"Tó bá ti dé inú yín, á túúbá."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó dáa, mo gbà á. Àmọ́ á máa jí kírun àsùbáà o!"

Bí a ṣe ń lọ sílé, àkọ́bí mi já àbúrò rẹ̀ ní èékánná. Mo ní, "Rọra ṣe é o. O ò tíì mọ ohun tí wàá tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́la."