Ọbẹ̀ Àná ní Nakkásà

Kí ẹnikẹ́ni tó tún fi orúkọ Jelilat rẹ́rìn-ín ní agboolé yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Jelilat kọ́ ló fi ọbẹ̀ tó ti bàjẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé jẹ ní Mẹ́kà. Èmi ni. Èmi Hùmúàní, tí ẹ ò mọ̀ rí, tí mò ń kọ ìwé yìí láti Nuzlah ní Jídà, èmi ni mo se ọbẹ̀ náà, èmi náà ni mo sì gbé ẹ̀bi rẹ̀ ka Jelilat lórí. Mo ti bẹ Fauziyyah, ọmọ agboolé yín tó ń bọ̀ wálé sí Ìwó, pé kí ó kà á sókè ní àsàlátù ọjọ́ Àìkú, lójú gbogbo yín, kí Jelilat fúnra rẹ̀ sì wà ní ìjókòó. Ọkàn mi ti wú. Dókítà Màrúf, ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn níbí, kò fi pamọ́ fún mi pé ọjọ́ tó kù fún mi kò pọ̀. Ẹ má tìtorí ìyẹn ṣàánú mi. Pẹ̀lú ohun tí mo gbé pamọ́ sínú ọkàn yẹn, ó yẹ kó ti wú tipẹ́.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n n kì í gbàgbé ìyà. Ní ọdún 1974, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, màmá mi bẹ ìyá kan ní àdúgbò wa pé kí ó jẹ́ ká bá a fọ ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. A fọ̀ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi tí a kọ́kọ́ fi ṣan ìsàlẹ̀ rẹ̀, òun la fi mu gàrí lọ́jọ́ náà. Mo ṣì rántí àwọ̀ omi yẹn. Nígbà tí mo dé Jídà ní 1989, obìnrin mọ́kànlá la wà nínú yàrá kan ní Nuzlah, fáànù kan ṣoṣo, ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni ọkọ̀ omi sì ń wá. Mo fi ìrọ̀lẹ́ ọdún mẹ́rin lọ sí ilé-ìwé àgbà, mo kọ́ èdè Lárúbáwá, mo mọ̀ ọ́n kà, mo mọ̀ ọ́n kọ. Nínú àwa mọ́kànlá, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Bí ẹnì kan bá ń lọ sí ilé ìwòsàn, èmi ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, èmi ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹnu gbogbo wọn.

Àlàájà Mastura ló mú mi lọ sí Mẹ́kà ní 1994. Ó ní ilé oúnjẹ kékeré kan ní Nakkásà, lórí òkè níbi tí àwọn àlejò bíi tiwa pọ̀ sí. Ilé ìdáná wà lẹ́yìn, fèrèsé tí wọ́n ń gba ibẹ̀ gbé oúnjẹ gbígbóná fún oníbàárà wà níwájú. Àlàájà ń dúró ní fèrèsé, èmi ń se ọbẹ̀. Ní Ramadan ọdún 1995 ni Jelilat dé. Ó bá àwọn tó wá ṣe Úmrà wá, kò sì bá wọn padà, nítorí ó fẹ́ dúró ṣe Hájì. Ó ń fọ àwo, ó ń fọ irẹsì, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, kò gbọ́ èdè Lárúbáwá kankan ju ti ìrun lọ. Èmi ni mo ń kọ́ ọ ní ohun tí àwọn aláhájì ń ké. Yóò máa fọ àwo, yóò máa wí pé, “Lábékà, Lábékà.” Èmi á ní, “Labbayka ni, Jelilat. Fi ètè tẹ̀ ẹ́.” Òun á ní, “Àǹtí Hùmú, Ọlọ́run tó mọ̀ pé Ìwó ni mo ti wá, ó máa gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.”

Lẹ́yìn ààwẹ̀, àwọn wolé-wolé ìjọba ìlú náà, àwọn tí wọ́n ń pè ní Baladíyà, wá yẹ ilé oúnjẹ wò nítorí Hájì ń bọ̀. Ọ̀gá wọn rọra ń sọ̀rọ̀ bí olùkọ́. Ó ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ọbẹ̀ láti fi wọn bó ṣe gbóná tó. Ó ní oúnjẹ tí à ń tà kò gbọdọ̀ kúrò lórí iná, ó ní kí gbogbo wa ní káàdì ìlera, ó sì ní ọbẹ̀ tó bá ṣẹ́kù lálẹ́, dídà ni kí a dà á nù. Ìwé tó fún wa, èmi ni mo kà á fún Àlàájà, èmi náà ni mo kọ ọ́ ní Yorùbá lẹ̀ mọ́ ògiri: ỌBẸ̀ ÀNÁ KÒ GBỌDỌ̀ DÓJÚ ÒNÍ.

Àlàájà gbà. Èmi tí mo kọ ọ́ ni kò gbà. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé. Ẹni tó bá se ọbẹ̀ lónìí, yóò gbé e kaná láàárọ̀, yóò gbé e kaná nírọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́ta lè kọjá kó má bàjẹ́, adùn rẹ̀ á sì máa lé sí i ni. Ṣé èmi tí mo mu omi ìṣankòkò ni n óò wá da ọbẹ̀ ẹran sínú gọ́tà? Mo ń bu ìyókù pamọ́ sínú ìkòkò kékeré kan lẹ́yìn àpò irẹsì, mo ń gbé e kaná, mo sì ń dà á mọ́ ti tuntun. Àwọn oníbàárà kò mọ̀dí, ṣùgbọ́n ẹnu wọn mọ adùn. Tawfiq, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ìlọrin tó ń kọ́ òfin ẹ̀sìn ní yunifásítì Mẹ́kà, máa ń pariwo ní fèrèsé pé, “Àlàájà, ọbẹ̀ yín yìí, ẹ ò ní jẹ́ kí n rántí ilé!” Àlàájà á rẹ́rìn-ín, á ní, “Lọ kàwé rẹ, ọ̀jẹun.” Inú mi á dùn ní ẹ̀yìn níbẹ̀.

Ọjọ́rú kan, ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí Arafa, gáàsì tán lọ́sàn-án. Kí wọ́n tó gbé òmíràn dé, mo ti lọ bá Àlàájà tò fún káàdì ìlera. Nígbà tí mo padà, ìkòkò kékeré yẹn ti kúrò lọ́kàn mi. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ mo ṣí i. Ó yọ ìfóòfó. Jelilat dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi.

Ó ní, “Àǹtí, ọbẹ̀ yìí ń hó láìsí iná.”

Mo ní, “Mú káún wá.”

“Ẹ jẹ́ ká dà á nù. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ sára ògiri.”

Mo ní, “Ọ̀rọ̀ àwọn Lárúbáwá nìyẹn. Ìwọ tí o ò mọ bá a ṣe ń din ata dénú, ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi ní ọbẹ̀? Kò sí ohun tí iná kì í pa.”

Ó mú káún wá. Mo fi díẹ̀ sí i, kíkan rẹ̀ lọ. Mo sè é títí ó fi hó yaya, mo tọ́ ọ wò, mo sì dà á mọ́ ọbẹ̀ tuntun. Ní òru yẹn sí àárọ̀ Jímọ́ọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlá ló ń bì, tí wọ́n ń yàgbẹ́. Tawfiq ni tirẹ̀ burú jù, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò ní ilé ìwòsàn. Ọlọ́run dá a sí, kì í ṣe èmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ìrun Àsárì, àwọn wolé-wolé dé, ọlọ́pàá kan tẹ̀ lé wọn. Àlàájà ti lọ sí ilé ìwòsàn lọ bẹ àwọn ọmọ náà. Èmi àti Jelilat nìkan ló wà nílé. Wọ́n gbé àpò irẹsì kúrò, wọ́n sì rí ìkòkò náà, ìyókù ọbẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá wọn kò pariwo. Ó béèrè pé ta ló ń pa ọbẹ̀ mọ́. Jelilat fà mí láṣọ.

“Kí ni wọ́n wí, Àǹtí?”

“Wọ́n ní ta ló ni ìkòkò yìí.”

Ó ní, “Ẹ bá mi sọ fún wọn pé n kì í se ọbẹ̀. Ẹ ní mo ní kí ẹ dà á nù. Àmọ́ ẹ rọra sọ ọ́ o, Àǹtí, kí wọ́n má baà tìtorí rẹ̀ lé yín kúrò.”

Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Mo yíjú sí ọkùnrin náà, mo sì sọ ní èdè Lárúbáwá tó mọ́ gaara, irú èyí tí olùkọ́ mi fi máa ń yìn mí, pé, “Ó ní òun ni. Ó ní òun ló ń pa á mọ́ láìjẹ́ kí a mọ̀. Ó ní ẹ dárí ji òun.”

Ọkùnrin náà wò mí, ó wò ó. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Ṣé ohun tó sọ gan-an nìyẹn?”

Mo ní, “Wallahi.”

Jelilat mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sí Mùsùlùmí tí kò mọ̀ ọ́n. Ó rò pé mò ń búra nítorí òun ni. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ẹ ṣé, Àǹtí mi. Ọlọ́run á san án fún yín.” Wọ́n kọ ìwé, wọ́n ní kí ó tẹ̀ka. Ó bi mí pé kí ló wà nínú rẹ̀. Mo ní, “Wọ́n kọ ọ́ pé o wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n da ọbẹ̀ nù.” Ó tẹ̀ka. Wọ́n da omi tí wọ́n fi ń bó aṣọ funfun sí gbogbo ìkòkò wa, irẹsì, ẹ̀wà àti ẹran, kí ẹnikẹ́ni má lè jẹ ẹ́ mọ́. Wọ́n béèrè ìwé ìgbélùú rẹ̀. Kò ní. Wọ́n mú un lọ sí Jídà, sí ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n fẹ́ dá padà sí, ó sì wà nínú bàálù kí oṣù tó parí. Àlàájà Mastura ṣépè fún un títí ohùn rẹ̀ fi ha. Mo dúró tì í, mò ń ṣe àmín.

Mo ṣe Hájì ní ọdún náà. Mo dúró ní Arafa pẹ̀lú àwọn èrò, nígbà tí mo sì la ẹnu láti ké, “Lábékà” ló jáde. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Àlàájà.

Mo rò pé ó ti padà sílé, ó ti lọ́kọ, ó ti gbàgbé. Oṣù tó kọjá, Fauziyyah wá kí mi, mo ń rojọ́ oúnjẹ aláìsàn fún un, ó sì fi àwàdà sọ pé ní agboolé àwọn, obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́bẹ̀ Mẹ́kà, nítorí àwọn tó ti Mẹ́kà dé sọ pé ó fi ọbẹ̀ tó bàjẹ́ fún àwọn ọmọ jẹ. Ó ní bí wọ́n bá ń ṣe ìsọmọlórúkọ tàbí ìsìnkú, omi pípọn àti ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n ń fún un, wọn kì í jẹ́ kí ó sún mọ́ iná. Ó ní kódà ìyá ọkọ rẹ̀ kì í jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀. Fauziyyah ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó sọ orúkọ obìnrin náà fún mi. Ó sọ ọ́.

Mo ti bi Dókítà Màrúf léèrè nípa ọbẹ̀ náà. Ó ní iná pa kòkòrò inú rẹ̀, ṣùgbọ́n oró tí kòkòrò ti tu sílẹ̀ kí n tó dáná, iná kò lè ṣe é ní nǹkan. Àìmọ̀ nìyẹn, mo lè tọrọ ìdáríjì fún un. Ohun tí mo sọ lójú ọ̀gá wolé-wolé kì í ṣe àìmọ̀. Mo ti pe Àlàájà Mastura lórí fóònù. Ó ní, “Ìwọ, Hùmúàní? Èpè tí mo ṣẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?” Mo sì ti kọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà ní èdè Lárúbáwá, mo mú un lọ sí ọ́fíìsì àwọn Baladíyà. Bí wọ́n bá fẹ́ lé mi, kí wọ́n lé mi.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ mọ ìwé, tí ẹ ń sọ̀rọ̀ fún àwọn òbí yín níwájú dókítà àti ọlọ́pàá, ohun tí wọ́n bá sọ ni kí ẹ sọ. Wọn kò lè mọ̀ bí ẹ bá yí i padà.

Jelilat, mi ò sọ pé kí o dárí jì mí lónìí. Ohun tí mo ń bẹ agboolé yín ni pé kí wọ́n gbé ìkòkò fún ọ lọ́jọ́ Àìkú yìí kan náà, kí o se ọbẹ̀, kí ìyá ọkọ rẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ìwé yìí, Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí Fauziyyah ṣe ń kà á yìí, ò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ. O ò ní fa ẹnikẹ́ni láṣọ kí o tó mọ ohun tí mo wí.