Àwòrán Iná Tí Wọ́n Fi Sábẹ́ Ráàpù Rẹ̀

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gba Princess Road nílùú òyìnbó níbí láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin méjì tó wọ aṣọ iṣẹ́ ilé ìtọ́jú arúgbó jókòó síwájú mi, inú sì ń bí èyí àgbà nínú wọn gidi.

"Kí ló dé tí gbogbo yín ń fi àwòrán iná, pé ó gbóná, sábẹ́ ráàpù ọmọ Philippines tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yẹn lórí WhatsApp ibi iṣẹ́ wa? Ṣé o tiẹ̀ gbọ́ ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, èdè wọn ni. Kí ni mo fẹ́ gbọ́ níbẹ̀?"

"Ìlù tó bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ ńkọ́, ìyẹn náà nílò ògbufọ̀? Mo ní kó túmọ̀ orin ọ̀hún fún mi. Ó ní òun níbọn, òun ò ní í dá ẹnikẹ́ni sí! Ẹni tí a jọ ń wẹ àwọn màmá arúgbó, tó máa ń rọra bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀! Ìbọn wo ló rí rí?"

"A kàn fẹ́ fún un níṣìírí ni, mà."

"Ìṣírí wo? Ẹ kàn fẹ́ kó kúrò lọ́rùn yín ni."

"Kí lẹ̀yin wá sọ fún un?"

"Mo ní kò dáa. Mo ní kó dín ìlù kù, kó kọrin nípa màmá ẹ̀ tó máa ń pè lórí fóònù nígbà break."

"Háà, Ẹ̀gbọ́n! Ṣé kò bínú?"



"Ó dúpẹ́. Ó ní èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ dé òpin."