Àríwá Ni Gábàsì Wọn

Mò ń bó ọsàn fún ọmọ mi nínú mọ́tò Iléṣà nígbà tí ìyá arúgbó kan rí i pé ọkùnrin tó jókòó tì í ti bá ọmọ òun tó kú sógun ṣe sọ́jà.

"Ṣé ìṣojú rẹ ni wọ́n sin ín?"

"Ìṣojú mi ni, ìyá. Ìlú kékeré kan ni, létí odò, ní ẹnubodè ilẹ̀ Ṣòmálì. Àwọn darandaran tó ń kó ràkúnmí wá mumi níbẹ̀ ló wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì kírun sí i lára."

"Ẹnìkan nínú yín sọ fún mi pé àríwá ni wọ́n kọjú rẹ̀ sí. Ara mi ò balẹ̀ láti ìgbà náà. Kí ló dé tí wọn ò kọjú rẹ̀ sí gábàsì?"

"Ìyá, àríwá ni gábàsì wọn."

"Má fi mí ṣeré! Ìlà-oòrùn ni gábàsì."

"Tiwa nìyẹn. Apá àríwá ni Mẹ́kà wà sí tiwọn. Ẹni tó bá kọjú sí ìlà-oòrùn níbẹ̀, òkun ló ń kírun sí."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Àríwá ni gábàsì wọn." Ó tún un sọ, ó tún un sọ. "Alihamudulilai. Ìyá ọmọ, fún mi lọ́sàn kan jàre."

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ọmọ mi bi mí pé níbo ni ọmọ ìyá náà wà.

Mo ní, "Ó ń sùn létí odò. Ó kọjú síbi tó yẹ."