Àwòrán Ọkàn Màmá Tí Mo Gbé Pamọ́

Ẹ̀yin ọmọ Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé omi fún mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo bá wá, bí ẹ bá ṣì fẹ́ fún mi lómi lẹ́yìn náà, màá mu ún. Gbogbo ìyìn tí ẹ ti ń yìn mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún Màmá, pé èmi ni mo rí àìsàn wọn, kò tọ́ sí mi. Èmi ni mo jẹ́ kí àìsàn náà jinlẹ̀ dé ibi tó dé. Mo ti sọ ọ́ fún Ọ̀gá dókítà láàárọ̀ yìí; ẹ̀yin ló kù.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi: èmi ni mò ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọkàn nílé ìwòsàn. Aláìsàn á fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, màá fi jẹ́lì tútù sí i láyà, màá gbé ọwọ́ ẹ̀rọ lé e, ọkàn rẹ̀ á sì máa lù lójú mi bí ẹni pé kò sí awọ láàárín wa. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn àdììtú. Bí ẹ bá fún mi ní àgádágodo tí kò ṣeé ṣí, mi ò ní jẹun. Ìwà yìí ló gbé mi dé yunifásítì, òun náà ló bà mí jẹ́. Níbi iṣẹ́ wa, a máa ń ṣe ìpàdé kan lóṣooṣù: kálukú á gbé àwòrán tó ṣòroó túmọ̀ wá, àwọn tó kù á máa méfò. Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò bá lè tú tiẹ̀ ló borí. Mi ò tíì borí rí. Obìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tí a ń pè ní Ẹlẹ́nu-bí-abẹ, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọ̀gbẹ́ni Àdììtú, ṣé èyí tí ọmọ jẹ́léósinmi mọ̀ lo tún ń gbé bọ̀?" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni Màmá dé. Ẹsẹ̀ wọn wú, ó sì ń rẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, ó pẹ́ tí mo ti ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́lẹ̀, ó jọ pé òun náà ti ń gbẹ̀san." Mo rẹ́rìn-ín. Mo wá wo ọrùn wọn, mo rí iṣan kan tó ń fò sókè-sódò lábẹ́ etí. Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ o, inú mi dùn. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ẹ̀jẹ̀ tó ti yí gbogbo ara ká á wọ yàrá òkè lápá ọ̀tún, á gba ẹnu ilẹ̀kùn kan bọ́ sí yàrá ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni ọkàn ti ń tì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Awẹ́ mẹ́ta ni ilẹ̀kùn yẹn ní, wọ́n sì gbọ́dọ̀ pàdé pinpin kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sẹ́yìn. Bí wọn ò bá pàdé, ẹ̀jẹ̀ á máa tú padà: iṣan ọrùn á máa fò, ẹ̀dọ̀ á wú, omi á kún ikùn àti ẹsẹ̀. Àwa tí ń ya àwòrán ọkàn kì í fi bẹ́ẹ̀ wo apá ọ̀tún yìí. Apá òsì tó ń fún gbogbo ara lẹ́jẹ̀ ni a ń sáré bá. Èmi wò ó. Ilẹ̀kùn Màmá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ohun tó fà á ló wá dùn mọ́ mi jù. Ẹ rántí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi sábẹ́ awọ àyà wọn, tó ń rán ọkàn létí pé kó lù. Wáyà rẹ̀ gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn kọjá, ó sì ti tẹ awẹ́ kan mọ́ ògiri, awẹ́ náà ò lè padà wá bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Bí mo bá kọ òótọ́ ránṣẹ́, Ọ̀gá á rí i lọ́jọ́ náà, gbogbo ibi iṣẹ́ á gbọ́, kò sì ní sí ohun tí màá gbé lọ sípàdé. Mo bá kọ ọ́ pé ilẹ̀kùn náà ń jò díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni tiwọn ń jò díẹ̀, kò sí dókítà tí í tìtorí ìyẹn pàdánù oorun. Wọ́n fún Màmá ní oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀, wọ́n sì lọ sílé. Mo gbé àwòrán pamọ́.

Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, Kékeré, àbúrò yín, mú wọn padà wá. Ọ̀gá rìnrìn àjò. Ikùn Màmá ti ga, ẹyinjú wọn ti ní àwọ̀ ìyeyè. Kékeré ní, "Bọ̀dá, oògùn yẹn ò ṣiṣẹ́ o. Oúnjẹ ò wọlé mọ́." Dókítà mìíràn wà ní yàrá kejì, mi ò pè é. Mo ní kí Màmá dùbúlẹ̀. Mo ní kí wọ́n mú èémí dúró, mo tún ní kí wọ́n mú un dúró, torí pé àwòrán àkọ́kọ́ ò mọ́lẹ̀ tó bí mo ṣe fẹ́. Wọ́n ń làágùn. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, ṣé o ti rí ohun tí ò ń wá?" Mo ní, "Mo ti rí i, Mà." Mo wá yíjú sí Kékeré, mo ní kí wọ́n máa lọ, kí Màmá máa gbé ẹsẹ̀ sókè, pé a ó ránṣẹ́ pè wọ́n.

Mo borí nípàdé. Ẹlẹ́nu-bí-abẹ pàápàá pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ta ló ni ọkàn yìí? Ìgbà wo lo yà á?" Mo purọ́, mo ní, "Àárọ̀ yìí ni, sà." Wọ́n lọ gbé Màmá lọ́jọ́ náà, wọ́n yọ wáyà, wọ́n rán ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n yàrá ìsàlẹ̀ ti fẹ̀ jù, agbára rẹ̀ ti dín kù. Ìdí nìyẹn tí Màmá ò fi lè rìn dé ẹnu ọ̀nà láìmí hẹlẹhẹlẹ. Irọ́ mi ò sì dúró síbẹ̀. Torí ohun tí mo kọ àti ohun tí mo wí, Ọ̀gá gbà pé òjijì ni wáyà náà sún. Wọ́n bi yín pé kí ló ṣẹlẹ̀. Kékeré, tí kò mọ irọ́ pa, ló ní òun mú Màmá gun àtẹ̀gùn lọ wo ilé tuntun tí òun gbà. Mo wà níbẹ̀. Mo rí bí ẹ ṣe yíjú sí i. Ẹ̀gbọ́n àgbà, ẹ̀yin lẹ ní, "O ti fẹ́ torí ilé pa ìyá wa." Bàtà mi ni mò ń wò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Kékeré wá bá mi lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní, "Wọn ò jẹ́ kí n wọ yàrá Màmá mọ́. Màmá ń bèèrè mi, wọ́n ní mo rìnrìn àjò. Bọ̀dá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé àtẹ̀gùn tí a gùn ló fa wáyà yẹn?" Mo mọ ìdáhùn. Wáyà ti tẹ awẹ́ yẹn mọ́ ògiri kí Kékeré tó gba ilé rárá. Mo ní, "Mi ò mọ̀." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ìyẹn ló burú jù. Ìfẹ́ ìyìn ló ń pa mí bí ọtí nígbà àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ojú mi dá, mo sì wò ó bó ṣe ń ru ẹrù mi lọ.

Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ yín bá ní òun fẹ́ kọ́ irú iṣẹ́ yìí, ẹ sọ ọ̀rọ̀ mi fún un. Ẹ sọ fún un pé ẹni tó ń làágùn lórí ibùsùn kì í ṣe ìbéèrè ìdánwò. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Wọ́n ti dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, ohun tó bá tún tẹ̀lé e, màá gbà á. Kékeré wà níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yẹn. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un kí n tó wọlé. Kò bú mi. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí, bóyá Màmá ti jí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ṣèdájọ́ mi, ẹ jẹ́ kó wá rí ìyá rẹ̀.