Èmi Ni Mo Ká Orí Ìwé Náà Sẹ́yìn

Mo fi orí ara mi búra níwájú yín, ọ̀rọ̀ yìí kò ní gùn. Nígbà tí mo wà nílé aṣòfin, ohun kan ṣoṣo tí àwọn ará ìlú dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi ni pé n kì í sọ̀rọ̀ pẹ́. Ọkùnrin kan wà ní Ìrẹmọ, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, tó ń fi orúkọ mi ṣàdúrà lẹ́yìn ìrun gbogbo. Múfú ni. Ìwó ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n agbolé kan náà la ti jọ dàgbà. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó tú àṣírí àwọn tó tàn mí jẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí àdúrà yẹn bá gbà, èmi ni mo gbé!

Inú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ni àwa méjèèjì wà. Bàbá kan ń bẹ l'Ábújá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wa jákèjádò Nàìjíríà. Bí Bàbá bá sín lọ́hùn-ún, àwa aṣòfin níbí á ti máa nu imú. Múfú ni abẹnugan ilé, èmi ni aláwàdà ilé. Ipò tèmi kò sí nínú ìwé òfin, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá mi du ú. Lọ́jọ́ kan, Bàbá fi àbá òfin kan ránṣẹ́ pé kí a sọ ọ́ dòfin kí ilẹ̀ tó ṣú. Múfú ní kí a kọ́kọ́ kà á. Ẹ gbọ́ o! Kí a kà á! Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ẹni tó bá ń ka ìwé kó tó fọwọ́ sí i, a gbà pé ó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti lọ bá àwọn alátakò.

Lọ́sẹ̀ kejì, a ṣèpàdé ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Ìránṣẹ́ Bàbá fà mí sí kọ̀rọ̀, ó fún mi ní ìwé kan. Ohun tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ ni pé àwa tí a fọwọ́ sí i fẹ́ kí abẹnugan kúrò lórí àga. Ó ní, "Ọ̀nọ́rébù, Bàbá mọ̀ pé ẹ kì í dalẹ̀. Ẹ bá wa gba ìfọwọ́sí lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin ni wọn ò ní fura sí." Ṣé mo rò ó? Mo rò ó dáadáa. Mo rò ó pé ìbò ń bọ̀, Bàbá ló sì ń yan ẹni tí yóò dupò. Mo ká orí ìwé náà sẹ́yìn, mo fi kílíìpù há a mọ́ pátákó, ó wá ku kìkì ìlà òfìfo. Mo lọ dúró ti tábìlì oúnjẹ. Mo ní, "Ẹ kọ orúkọ yín, ẹ fọwọ́ sí i, kí wọ́n lè mọ iye àwo tí wọ́n máa bù. Ẹni tí kò bá kọ, ẹran rẹ̀ ti di tèmi nìyẹn." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fọwọ́ sí i. Múfú ló dé kẹ́yìn.

"Kí lo tún ń tà níbí, ìwọ ọkùnrin yìí?"

Mo ní ìrẹsì ni. Ó fọwọ́ sí i. Ọkùnrin tó ní kí gbogbo ilé kọ́kọ́ kàwé, kò ka tèmi, nítorí ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wà.

Lọ́jọ́ kejì, akọ̀wé ilé ka ìwé náà àti orúkọ wa sókè. Àwọn kan fẹ́ jiyàn, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbọ́ pé ọwọ́ Bàbá wà ńbẹ̀, wọ́n jókòó. Orúkọ abẹnugan fúnra rẹ̀ ló gbẹ̀yìn. Múfú wò mí. Ẹ̀yin ará, gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà á là! Mo sì sọ gbólóhùn kan lóòótọ́. Mo ní, "Ó kéré tán, abẹnugan kò ta ko ìfẹ́ ilé." Ilé rẹ́rìn-ín títí. Ó ṣí fìlà, ó sọ̀ kalẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, mo lọ bá a nílé, mo búra pé òfìfo ni wọ́n fún mi, pé ẹ̀yìn ìgbà tí a fọwọ́ sí i tán ni wọ́n kọ ìkọkúkọ sórí rẹ̀. Ó dì mọ́ mi. Ìyàwó rẹ̀ bu omi fún mi: "Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀dá mi. Ìkà ni wọ́n." Mo mu omi náà tán. Nígbà tí ìbò dé, Bàbá fi orúkọ ẹlòmíràn sí àyè mi. Wọ́n gbé ìwé wá pé kí n fọwọ́ sí i pé mo fara mọ́ ọn. Mo fọwọ́ sí i, n kò kà á.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ti lọ lọ́dún mẹ́sàn-án, òtítọ́ kò tíì gbéra ńlẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú Múfú ti fọ́ báyìí. Ní Jímọ̀ tó kọjá, lọ́yà gbé ìwé ilẹ̀ tí Múfú fẹ́ pín fún àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Àwọn ọmọ fẹ́ kà á fún un, ó kọ̀. Ó ní kí wọ́n pè mí wá, pé èmi nìkan lòun lè fọkàn tán. Mo kà á láti òkè délẹ̀, títí dé orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́! O wá ń kà á bí ẹni tó ń jẹ́jọ́. Ibo ni kí n fọwọ́ sí?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo gbé e síbẹ̀. Ó fọwọ́ sí i, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá jẹ́wọ́ fún un, ta ni yóò máa kàwé fún un? Bí n kò bá sì jẹ́wọ́, ta wá ni ẹni tó gbójú lé yẹn? Ẹni tó bá ní èsì, kó yọ́ ọ sọ sí mi létí. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ bò mí láṣìírí. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé Ìrẹmọ kí èmi fúnra mi tó débẹ̀.