Kẹ̀kẹ́ Ọjà Inú Yàrá

Ní ibùdókọ̀ kan ní Capitol Heights, ní Amẹ́ríkà, ni mo ti gbọ́ tí ọmọbìnrin kan ń ka ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn màmá kan fún un, mo sì tẹ́tí sí wọn, nítorí wọ́n lẹ irú rẹ̀ mọ́ tèmi náà.

"Wọ́n ní lọ́jọ́ Thursday, káńsù ń bọ̀ wá kó gbogbo kẹ̀kẹ́ ṣọ́ọ̀bù, èyí tí wọ́n fi ń ti ọjà, tó bá wà lójú títì. Ẹni tí wọ́n bá bá ọ̀kan nínú ilé rẹ̀, olè ni."

"Háà! Tèmi wà ní yàrá. Mo fi ti ìrẹsì délé lọ́jọ́ tí yìnyín bọ́. Mo ti fọ̀ ọ́, mo faṣọ bò ó."

"Kẹ̀kẹ́ ṣọ́ọ̀bù lẹ faṣọ bò, Mọ́mì?"

"Ṣé kí eruku wá máa bo nǹkan onínǹkan ni? Pépà mi ò tíì jáde o! Ṣé torí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n á ṣe lé mi padà sílé?"

"Ẹ jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Tó bá ti wà níta, pàǹtí ni, ẹnikẹ́ni ò ní bi yín."

"Ẹni tó jù ú nù ló mọ́, èmi tí mo tọ́jú rẹ̀ lolè?"

"Amẹ́ríkà nìyẹn, Mọ́mì."

"Mi ò ní jù ú o. Màá gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́."

Mi ò mọ̀ bóyá ó gbé e síta. Èmi sáré gbé tèmi síta lọ́jọ́ náà. Ní Thursday, mo dúró lójú fèrèsé títí ọkọ̀ káńsù fi gbé e lọ, tòun taṣọ tí mo fi bò ó.