Ilé Tí Wọ́n Ń Kọ́ De Alàgbà

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọ̀sán Sátidé ni, oòrùn ṣì mú ganrínganrín. Mo ti gbààwẹ̀ láti àárọ̀, mo ti ka Sáàmù, mo ti sunkún lórí ẹní títí ojú mi fi wú. Bí mo ṣe ṣe àmín báyìí, orí mi wúwo, mo ní kí n fara lélẹ̀ díẹ̀ kí n tó gbé omi kaná láti fi ṣínu. Mi ò tíì dijú tán tí mo fi rí ara mi níta ilé láìwọ bàtà, obìnrin gíga kan tó wọ aṣọ funfun sì dúró tì mí. Kò rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ń wò mí bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń wo ẹni tó pẹ́ kó tó gbé aláìsàn wá. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun, mo sì tẹ̀ lé e.

Kí n tó sọ ibi tí a lọ, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí mo gbé sínú sùn. Lẹ́yìn tí mo parí ilé ìwé, Alàgbà wa tó jókòó lábẹ́ fáànù yẹn ló mú mi wọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ kí n wá kọ́ṣẹ́. Ẹ má bínú pé mi ò fi "wọn" pè é lónìí. Ilé iṣẹ́ àwọn òyìnbó ni, ó ní ẹ̀ka káàkiri ayé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kí àwọn tálákà tí kò wọ báńkì rí lè ní àkáǹtì tiwọn. Iṣẹ́ rere ni, inú mi dùn sí i. Èmi ni mo máa ń gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń ka àtàǹpàkò tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí ọ̀sà. Ẹni tó bá ti tẹ̀ka sínú ẹ̀rọ náà, òun nìkan ló lè gba owó rẹ̀ jáde.

Ṣùgbọ́n iná àti ẹja gbígbóná ti jẹ ìka àwọn obìnrin yẹn dán. Ẹ̀rọ ò rí ilà kankan níbẹ̀. Ó yẹ kí a ya irú wọn sọ́tọ̀ kí a fi àwòrán ojú wọn ṣe é, ó kàn máa ń pẹ́ ni, Alàgbà ò sì ní sùúrù ìyẹn, torí àwọn ọ̀gá láti òkè òkun ń bọ̀ wá wo bí èèyàn tó kó wọlé ṣe pọ̀ tó. Ojú mi ló ṣe ń ti àtàǹpàkò tirẹ̀ bọ ẹ̀rọ náà fún obìnrin kan tẹ̀ lé òmíràn, tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí i pé ó ṣeun. Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe máa gba owó wọn. Ó ní tó bá yá a máa tún un ṣe.

Ìyá Ṣadé wà lára wọn. Ṣadé ọmọ wọn lóyún, wọ́n sì ń kó gbogbo èrè ẹja wọn sínú àkáǹtì yẹn de ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ọjọ́ pé, ọmọ kọ̀, kò wálẹ̀, ilé ìwòsàn ní iṣẹ́ abẹ ni, kí wọ́n lọ mú owó wá. Ìyá Ṣadé sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń gbowó, wọ́n tẹ̀ka, ẹ̀rọ ní òun ò dá wọn mọ̀. Wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n pè mí, mo pe Alàgbà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde ní òtẹ́ẹ̀lì tó wà pẹ̀lú àwọn àlejò rẹ̀, kó wá fi ìka rẹ̀ ṣí àkáǹtì náà.

Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí àwọn èèyàn yìí mọ̀ ni?" Ó sì pa fóònù.

Ṣadé kú, tòun toyún. Nígbà tí mo ń sunkún ní ọ́fíìsì, ó ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ la wá ṣe níbí, kì í ṣe ẹkún." Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó ṣe ìdúpẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí nítorí àmì ẹ̀yẹ tí àwọn ọ̀gá òkè òkun yẹn fún un, gbogbo wa sì jó bá a. Ohun tí mo gbé sínú ààwẹ̀ nìyẹn. Mi ò tọrọ àánú fún ẹnikẹ́ni, mo ní kí Ọlọ́run bá mi mú un ni.

Ibi tí a kọ́kọ́ dé tutù. Omi ń ṣàn níbẹ̀ láìdún, àwọn èèyàn jókòó lábẹ́ igi, kò sí ẹni tó ń sáré ohunkóhun. Mo rí màmá àgbà tó máa ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa kí wọ́n tó sùn nínú Olúwa. Oorun ni wọ́n ń sùn, kò sì sí ẹni tó ń jí wọn. Mo rí Ṣadé, ó ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Mo wólẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní màá gbẹ̀san rẹ̀. Ó bi mí bóyá ìyá òun ṣì ń yan ẹja. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n sọ fún wọn kí wọ́n máa faṣọ bo imú, èéfín yẹn pọ̀ jù. Mo dárúkọ Alàgbà fún un.

Ó ní, "Ta nìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Mo yíjú sí obìnrin aláṣọ funfun, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ibi tí wọ́n ti ń jìyà ni mo fẹ́ rí.

A sọ̀kalẹ̀. Ooru kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà òórùn ẹran tó ń jóná, lẹ́yìn náà ariwo. Mo rí gbọ̀ngàn ńlá kan tí wọ́n to àga sí lẹ́sẹẹsẹ, irin pupa ni gbogbo àga náà, ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ níwájú, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti lẹ̀ mọ́ ọn létè, èéfín ń jáde nímú rẹ̀, kò gbọdọ̀ dákẹ́, àwọn tó jókòó ò gbọdọ̀ dìde, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, awọ ọwọ́ wọn ń bó sílẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Obìnrin náà ní, "Àwọn tó parọ́ mọ́ tálákà kí wọ́n lè jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì." Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀gá kan wà tó dì mọ́ òpó tó ń jóná, tó ń ké, tí kò lè tú ọwọ́ rẹ̀. Òun ló máa ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin tó wá kọ́ṣẹ́ pé wọn ò ní gba ìwé ẹ̀rí àfi tí wọ́n bá wá bá òun sùn. Obìnrin náà ní, "Ó níyàwó nílé."

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ níwájú pẹpẹ, inú mi dùn. Mò ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá màá rí Alàgbà. Mo béèrè rẹ̀. Obìnrin náà ní kò tíì dé, kí n wá wo ilé rẹ̀.

Wọ́n ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ni. Àwọn bíríkìlà ń to búlọ́ọ̀kù, simẹ́ńtì rẹ̀ ò tíì gbẹ. Yàrá kan ṣoṣo ni. Ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja ni ilẹ̀ rẹ̀, kò ní fèrèsé àfi ihò kékeré kan, omi tútù wà lẹ́yìn ihò náà, ẹ̀rọ àtàǹpàkò sì wà lẹ́nu rẹ̀. Òùngbẹ yóò máa gbẹ ẹ́, yóò tẹ̀ka, iná á ti jẹ ìka rẹ̀ dán, ẹ̀rọ á ní òun ò dá a mọ̀, yóò tún un tẹ̀, kò sì ní lópin. Ẹ̀yin ará, mo fò sókè. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé búlọ́ọ̀kù kan, mo ní ẹ jẹ́ kí n bá wọn to díẹ̀.

Obìnrin náà gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Iṣẹ́ tìrẹ kọ́ nìyí. Lọ sọ fún un. Tó bá jẹ́wọ́ níwájú àwọn tó bá a jó, tó lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ṣadé, tó sì dá ohun àwọn obìnrin yẹn padà fún wọn, a ó wó ilé yìí."

Mo ní kí wọ́n rán ẹlòmíràn. Mo ní ilé náà dára bó ṣe wà, kí wọ́n má wó o. Ó nawọ́ sí ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti ta okùn yí i ká, wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Ó ní, "Tìẹ nìyẹn, tí o bá dákẹ́."

Mo sá, mò ń sá, iná ń lé mi, ilẹ̀ ń jó mi lẹ́sẹ̀, mò ń pe Jésù, ohùn ò jáde, mo sá títí mo fi já bọ́ sórí ẹní mi, ọ̀fun mi gbẹ bí èèpo igi, oòrùn ò sì tíì wọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi dúró níwájú yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀ràn tálákà wá oríire, ẹ ṣọ́ra, wọn ò sinmi iṣẹ́ ilé kíkọ́ níbẹ̀. Ní tiyín, Alàgbà, ẹ má tíì dìde. Àyè ìrònúpìwàdà ṣì wà, Ìyá Ṣadé sì wà létí ọ̀sà lónìí. Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, ọrùn mi ti mọ́. Wọ́n ní kí n sọ fún yín ni, wọn ò ní kí n bẹ̀ yín, mi ò sì ní bẹ̀ yín. Tó bá jẹ́ tèmi ni, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ síbi tí ẹ wà yẹn.